Bí Akọni Oníbòjú Bá Mú Ẹni Tó Ń Ta Oògùn Olóró ní Muṣin, Kí Ni Òfin Yóò Sọ?

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan tí mo máa ń kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ní Súrùlérè ya àwòrán kan sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ya akọni kan tó fi aṣọ dúdú bojú, tó ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn ní Àkàlà, ní Muṣin. Akọni náà já lu ọkùnrin kan tó ń ta oògùn olóró, ó lù ú ní àlùbolẹ̀, ó da ẹrù rẹ̀ sínú kòtò àgbàrá, ó sì so ó mọ́ òpó iná kí àwọn ọlọ́pàá lè wá bá a níbẹ̀ láàárọ̀. Àwòrán náà dára gan-an. Ọmọ náà wá bi mí pé, "Tíṣà, bí ẹnìkan bá ṣe báyìí ní tòótọ́, ṣé kọ́ọ̀tù máa dá ẹni tó ń ta nǹkan yẹn lẹ́bi?" Mo dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ akọni náà gan-an ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lọ sí kọ́ọ̀tù, kí ẹni tó ń ta oògùn sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Kò gbà mí gbọ́. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò gbà mí gbọ́ pẹ̀lú; wọ́n ní bí ọwọ́ bá ti tẹ ẹnìkan pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, ẹjọ́ ti parí. Ohun tí wọ́n sọ yìí ló mú mi kọ àlàyé yìí.

Ohun tó ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú ni pé a máa ń rò pé mímú ènìyàn àti dídá a lẹ́bi jẹ́ ohun kan náà. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹnìkan pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, lójú tiwa, ẹjọ́ ti parí. Lójú òfin, ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, gbogbo ohun tí ẹni tó mú un bá sì ṣe láti ìṣẹ́jú yẹn lọ lè gbé ẹjọ́ náà ró tàbí kí ó bì í wó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìbínú tí ọmọ náà fi ya àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ìbínú òfo. Ìwádìí tí UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, bá ìjọba Nàìjíríà ṣe, tí wọ́n sì gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan péré, láìka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni iye yẹn jẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkó ló ga jù lọ, pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, tó jẹ́ nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá ń gbé ní Muṣin, ní Àjẹgúnlẹ̀, ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì kò nílò ìwádìí kó tó mọ èyí; ó ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sí etí gọ́tà pẹ̀lú ojú tó ti rẹ̀.

Orúkọ tí ìgboro ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀, ohun tó sì wà nínú wọn kò dọ́gba. Igbó ló wọ́pọ̀ jù lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Colorado jọ igbó lójú, ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ tí wọ́n fín kẹ́míkà sí ni, agbára kẹ́míkà náà sì lè ju ti igbó lọ lọ́nà tó léwu. Omi gọ́tà jẹ́ àdàlù tí wọ́n máa ń fi codeine, tramadol, igbó àti omi pò pọ̀. Tramadol fúnra rẹ̀ jẹ́ oògùn apàrora gidi, tí dókítà lè kọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ohun tó sọ ọ́ di ìṣòro ni pé wọ́n ń tà á láìsí ìwé dókítà, àti pé oníhóró 200, 225 àti 250 mílígíráàmù ló kún ìgboro, nígbà tó jẹ́ pé NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, kò fọwọ́ sí èyí tó bá ju 100 lọ. Oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine náà jẹ́ ohun tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tẹ́lẹ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí dáadáa, nítorí pé akọni inú àwòrán máa ń mọ oògùn olóró bó bá ti rí i, ènìyàn gidi kì í sì í mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà kan lè máa bọ̀ láti ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà pẹ̀lú káàdì tramadol kan nínú báàgì rẹ̀ àti ìwé dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan lè di ewé gbígbẹ sínú ọ̀rá kí ó sì jẹ́ àgbo ibà ni ó ń gbé lọ fún bàbá rẹ̀. Ní òru, lójú ẹni tó ti pinnu pé ọ̀daràn ni òun ń wá, ọ̀daràn ni gbogbo wọn.

Síbẹ̀, òfin kò ní kí ará ìlú káwọ́ lẹ́rán. Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015, sọ ní abala 20 pé ará ìlú lè mú ẹni tó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀, tàbí ẹni tí ó ní ìdí gúnmọ́ láti fura sí pé ó dá irú ẹ̀ṣẹ̀ tí ọlọ́pàá lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn láìgba ìwé àṣẹ. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2007, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2011, òun náà sì fi àyè yìí sílẹ̀ fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n àyè náà há. Abala 23 òfin ti ọdún 2015 pa á láṣẹ pé ará ìlú tó bá mú ènìyàn gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, tàbí kí ó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ ọn jù, lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, lójú ẹsẹ̀, ló gbé gbogbo abala náà ró. Kì í ṣe lẹ́yìn tí a bá ti lù ú kí ó lè dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí àwọn àgbà àdúgbò bá ti ṣèpàdé lé e lórí, kì í sì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí ẹni tí à ń wá bá sì ti sá lọ, abala 7 òfin kan náà kò gbà kí a mú ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀ dípò rẹ̀, bó ti wù kí ó dá wa lójú tó pé wọ́n mọ ibi tó wà.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a padà sí àwòrán ọmọ náà. Fífò já lu ọkùnrin náà kò burú ní ti òfin, bó bá jẹ́ pé akọni náà rí i tó ń tà á ní tòótọ́. Lílù ni ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Abala 34 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò gbà kí a fìyà jẹ ẹnikẹ́ni bí ẹranko, kò sì yọ ẹni tó ń ta oògùn olóró sílẹ̀. Síso ó mọ́ òpó iná di àárọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ kejì, nítorí pé ìsénimọ́ láìtọ́ ni lójú òfin. Bí ọkùnrin náà bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹjọ́ ìpànìyàn ni yóò délẹ̀, kò sì sí adájọ́ tí yóò gbọ́ pé ẹni burúkú ló kú.

Ẹrù tó dà sínú kòtò ni ó pa ẹjọ́ náà pátápátá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé òun ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ní ojú wa, dída oògùn olóró nù jẹ́ iṣẹ́ rere. Ní kọ́ọ̀tù, oògùn yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, bá mú ènìyàn, wọ́n ní láti wọn ẹrù náà, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n dì í pa níwájú ẹni tí wọ́n mú, kí òun náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, onímọ̀ kẹ́míkà á kọ̀wé pé ohun báyìí ló wà nínú rẹ̀, wọn á sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kàn án sílẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí ni pé agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ohun tó wà níwájú kọ́ọ̀tù yìí ni ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà mi? Bí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn bá mẹ́hẹ, adájọ́ ní láti fi iyèméjì náà gbè ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, nítorí pé abala 36 Ìwé Òfin sọ pé aláìlẹ́bi ni títí wọn yóò fi fìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀. Ní ti akọni wa, kò tilẹ̀ sí ohun tí wọn yóò fi hàn. Àgbàrá ti gbé e lọ.

Ó lè sọ pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ tí a fi ẹgba gbà kò níye lórí. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní abala 29 kò jẹ́ kí kọ́ọ̀tù gba ọ̀rọ̀ tí a fi ìnira fà jáde lẹ́nu ènìyàn, kódà bí ọ̀rọ̀ náà bá jọ òótọ́. Òfin Èkó tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí ọlọ́pàá ya fídíò ẹni tó ń jẹ́wọ́, tàbí kí agbẹjọ́rò rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí òfin kò bá fọkàn tán ọlọ́pàá tó wọ aṣọ ìjọba débi pé ó ní kí kámẹ́rà máa wò ó, báwo ni yóò ṣe fọkàn tán ẹni tí a kò mọ ojú rẹ̀?

Ìbòjú náà sì ni ìṣòro tó kù. Ìwé Òfin fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti bi ẹni tó jẹ́rìí takò ó ní ìbéèrè. Ẹlẹ́rìí á dúró, á búra, á sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, agbẹjọ́rò á sì bi í bóyá ó ti bá ẹni náà jà rí, bóyá ó jẹ ẹ́ lówó, bóyá obìnrin kan wà láàárín wọn. Ìbéèrè tó máa ń dunni ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ àdúgbò tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn oògùn olóró gbẹ̀san ìjà ilé.

Àwọn kan sọ fún mi pé Yorùbá ti ní oníbòjú tó ń dájọ́ kí òyìnbó tó dé. Mo gbà pé oníbòjú wà. N kò gbà pé òun ló ń dájọ́. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́, Orò ló máa ń mú ìdájọ́ ṣẹ lórí ọ̀daràn, ṣùgbọ́n àwọn Ògbóni ló ti jókòó, tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹnìkínní, tí wọ́n ti gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, kí Orò tó ké. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni wọ́n wí, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà, Ẹ̀yọ̀ bo ojú rẹ̀ pátápátá, ó sì lè fi ọ̀pámbàtà na ẹni tó bá rú èèwọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ ti sọ igà, ìyẹn ààfin ìdílé, tó ti wá fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá rí àkẹtẹ̀ dúdú mọ̀ pé Adímú ni, ẹni tó bá rí pupa mọ̀ pé Lábà ni. Bí Ẹ̀yọ̀ kan bá ṣe àṣejù, a mọ agboolé tí a ó lọ bá. Akọni inú àwòrán kò ní àkẹtẹ̀, kò ní igà, kò sì sí ẹni tí a lè lọ bá.

A ti dán irú akọni bẹ́ẹ̀ wò ní Èkó, nítorí náà a kò nílò àwòrán láti mọ ibi tí ó máa ń já sí. Lẹ́yìn ọdún 1999, nígbà tí olè kò jẹ́ kí Muṣin àti àwọn àdúgbò bíi tirẹ̀ sùn, tí ọlọ́pàá kò sì tó nǹkan, ọ̀pọ̀ àdúgbò pe àwọn ọmọ OPC, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, láti wá máa ṣọ́ wọn. Olè dín kù ní àwọn ibì kan, àwọn àgbà tó ṣojú wọn sì ń rántí èyí pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n pa àwọn tí wọ́n fura sí pẹ̀lú, láìsí ẹjọ́, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2003. Ní ọdún 2017, nígbà tí ẹ̀rù àwọn apànìyàn Badoo gba Ìkòròdú kan, àwọn ọ̀dọ́ dáná sun àwọn kan tí wọ́n dá dúró lóru, tí wọ́n ní ọmọ Badoo ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ apanilẹ́rìn-ín tó ń bọ̀ láti òde ibi tó ti lọ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ti mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, bí òfin ti wí, ẹnìkan ì bá pe ẹni tó pè é sí òde náà, òótọ́ ì bá sì ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ará ìlú nìkan ló lè ṣe àṣejù tó bá di ọ̀rọ̀ oògùn olóró. Ìjọba náà ti ṣe é rí, ní Èkó yìí kan náà. Ní oṣù keje ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé Òfin Ogún (Decree 20) jáde, tó sọ ìjìyà ìdí òwò oògùn olóró di ikú, wọ́n sì fa ọjọ́ òfin náà sẹ́yìn di ìparí ọdún 1983, kí ó lè mú àwọn tí ọwọ́ ti tẹ̀ kí ó tó jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta: Bartholomew Owoh, Lawal Ojuolape àti Bernard Ogedengbe. Kò sí ẹni tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé kan nínú wọn. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lọ́kàn, tí àwọn tó ti dàgbà nígbà náà fi ń sọ ọ́ títí di òní, ni pé wọ́n fi òfin òní pa ènìyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àná. Ìjọba tó tẹ̀ lé e mú ìjìyà ikú náà kúrò ní 1986, wọ́n sì dá NDLEA sílẹ̀ pẹ̀lú Òfin 48 ti ọdún 1989. Lónìí, Ìwé Òfin kò gbà kí a fi òfin tí kò tíì sí nígbà tí ènìyàn ṣe nǹkan dá a lẹ́bi. Nígbà tí àwọn aṣòfin àgbà ní Àbújá dìbò ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 pé kí ìjìyà ikú padà wá fún àwọn tó ń ṣòwò oògùn olóró, àwọn mẹ́ta yìí ni mo rántí.

Kí ló wá fà á tí ẹni tí wọ́n mú ní ọjọ́ Ajé fi ń padà sí àdúgbò ní Ọjọ́bọ̀? Ìbéèrè yìí ló ń bí àwọn akọni. Nígbà mìíràn, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, n kò ní fi bò. Béèlì kì í ṣe ohun títà ní àgọ́ ọlọ́pàá, síbẹ̀ gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni òfin fúnra rẹ̀ ló ní kí ó padà. Abala 35 Ìwé Òfin kò gbà kí wọ́n ti ènìyàn mọ́lé ju ọjọ́ kan lọ láìgbé e dé kọ́ọ̀tù, níbi tí kọ́ọ̀tù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, kò sì sí ibì kan ní ìgboro Èkó tí kọ́ọ̀tù jìnnà sí tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá mú un ní láti fà á lé NDLEA lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan, tó wà ní Ìkòyí, ló sì lè gbọ́ ẹ̀sùn tó bá wà lábẹ́ òfin NDLEA, kì í ṣe kọ́ọ̀tù májísíréètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Bí kọ́ọ̀tù bá gba béèlì rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé wọ́n dá a sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé yóò máa ti ilé wá jẹ́jọ́. Ìjìyà tó wà nínú ìwé le gan-an: ẹ̀wọ̀n gbére fún ẹni tó ń tà á, ọdún 15 sí 25 fún ẹni tí wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi sábà máa ń gba ìdájọ́ tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún ku ohun kan tí akọni orí òrùlé kò lè rí láéláé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, NDLEA rí cocaine tó tó 1,855 kìlógíráàmù nínú ilé kan ní ẹ́síteètì kan ní Ìkòròdú, nínú báàgì ìrìn-àjò mẹ́wàá àti dúrọ́ọ̀mù mẹ́tàlá. Wọ́n dá iye rẹ̀ lé ohun tó ju mílíọ̀nù 278 dọ́là lọ. Ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, wọ́n rí ilé tí wọ́n ti ń se oògùn olóró mẹ́ẹ̀tì (methamphetamine) ní Victoria Garden City ní Lekki. Géètì wà níwájú ibi méjèèjì, mégàádì sì wà lẹ́nu géètì. Kò sí ẹni tó ń pariwo níbẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó sí etí gọ́tà. Ìwífún tí wọ́n fi sùúrù kó jọ ló mú wọn dé Ìkòròdú, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba àṣẹ kọ́ọ̀tù kí wọ́n tó dáná sun ẹrù náà, wọ́n sì yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹjọ́. Ẹ fi ìyẹn wé kòtò àgbàrá inú àwòrán.

Ọkùnrin tí akọni náà so mọ́ òpó iná ní Àkàlà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ẹni tó ń ta ìwọ̀nba díẹ̀ kí ó lè rí owó ra tirẹ̀. Ìwádìí 2019 yẹn fi hàn pé ẹnìkan nínú márùn-ún àwọn tó ń lò ó ló ti di àìsàn sí lára. Tramadol tó bá pọ̀ jù lára lè fa gìrì. Ẹni tí codeine tàbí tramadol bá sì ti mọ́ lára, bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, á máa làágùn, á máa gbọ̀n, á máa bì, ara á máa ro ó bí ẹni tí wọ́n lù. Bí a bá ti wá lù ú ní tòótọ́, tí a sì so ó mọ́lẹ̀ di àárọ̀, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tó ń pa á nínú méjèèjì. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ ní Yábàá ń tọ́jú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé orúkọ "Yábà Left" ṣì ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́rù, tí wọ́n fi máa ń gbé ọmọ wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn. Ó ń dùn mí, nítorí pé àìsàn tó ní ìtọ́jú ni.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ dúró dè mí lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, tó bá jẹ́ ọmọ ẹni ló ń lò ó ńkọ́, tí èèyàn ò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́?" Mo fún un ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí NDLEA yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó nílò ìtọ́jú àti ẹbí wọn, 080010203040. Mo sọ fún un pé kí ó pè é láti inú yàrá rẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ orí ọmọ náà, ohun tó rò pé ó ń lò àti ìgbà tó ti kíyè sí i, pé wọ́n á bá a sọ Yorùbá bó bá fẹ́. Ó kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò ọmọ rẹ̀, ó sì pa ọwọ́ náà dé kí ó tó jáde.